Ẹ̀yìn Àwòrán

Wọ́n tan iná sí i lórí, wọ́n fi gíláàsì bò ó lójú,
wọ́n na okùn pupa síwájú rẹ̀ bí ẹni pé ó lè buni jẹ,
ní Àbújá, nínú gbọ̀ngàn tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń hanrun.
"Àwọn Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Aláró" ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀.
"Ndagi Tsado. Zaria, 1961."
Ẹ̀rín pa mí. Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí.
"Ẹrù Àlùbọ́sà" ló ń pè é lọ́jọ́ tó gbé e wọ ṣọ́ọ̀bù bàbá mi
ní Sábó, tí ọ̀dà rẹ̀ ò tíì gbẹ,
tó ní, "Káfíńtà, jọ̀ọ́, fi igi yí i ká
kó má baà sá mọ́ mi lọ́wọ́."

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Ìṣó tó ti wọ́ ni mò ń ṣà,
mò ń fi òkúta lù ú títí yóò fi tọ́.
Mo wo àwòrán náà, mo ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kì í ṣe aláró.
Ó lóṣòó tì mí. Kẹrosíìnì àti kúlíkúlí ló ń rùn lára rẹ̀.
"Jí lówùúrọ̀ ọyẹ́," ó ní, "kí o tó bọ́jú,
kí o kọjú sí Kúfénà."

Mo jí. Eruku ti gbé òkè náà mì dé ọrùn.
Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mẹ́rin ń ti inú òfìfo bọ̀,
àlùbọ́sà ní ìhà ọ̀tún, àlùbọ́sà ní ìhà òsì.
Aró ni wọ́n,
aró tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kán láti inú ìkòkò.

Wọ́n kó àwọn yòókù wá pẹ̀lú.
Obìnrin Gbàgyí tó fi èjìká ru igi ìdáná:
èjìká nìkan ni Ndagi kùn, ó gbòòrò bí òrùlé.
Àwọn olùkọ́ rẹ̀ bi í léèrè pé orí dà?
Ó ní orí wà nílé, ó ń sinmi.
Èyí tó dúdú láti òkè délẹ̀,
àfi ẹ̀kán pupa kan ní igun,
iná agbo ilé wọn ní Bídà ni,
níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń yọ́ fọ́ ìgò ọtí di ìlẹ̀kẹ̀.
Ọmọbìnrin kan tó wọ bàtà gogoro ń ṣàlàyé.
Ó ní ọ̀tẹ̀ ni. Ó ní mílíọ̀nù mélòó kan.
Mo gbọ́, mo mi orí.

Èmi ò wá wo iwájú.
Bàbá mi ò ní ìwé gbèsè. Ẹ̀yìn férémù ni ìwé rẹ̀:
"Ndagi. Igi mádòbíyà. Ṣílè méje.
Ó san mẹ́ta. Ó ku mẹ́rin."
Nígbà tí Ndagi kú ní Kàdúná, lójò,
bàbá mi wọ lọ́rì lọ, ó wọ lọ́rì bọ̀,
ó jókòó sórí bẹ́ńṣì iṣẹ́, kò bọ́ bàtà.
"Ẹni tó jẹ mí ní ṣílè mẹ́rin," ó ní,
"kò lè kú tán."

"Ẹ bá mi yí i padà," ni mo sọ fún ẹ̀ṣọ́.
Ayúbà lorúkọ rẹ̀, ará Kàgòró. Ó wò mí tìfura-tìfura.
"Màmá, ẹ má fọwọ́ kàn án o."
Mo ní n kò ní fọwọ́ kàn án. Mo dúró.
Ẹsẹ̀ ń ro mí, mo ṣáà dúró,
títí ọmọbìnrin oníbàtà gogoro fi yà sí yàrá kejì.
Ni Ayúbà bá tan iná fóònù rẹ̀,
ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ògiri, ó yọjú sí àlàfo ẹ̀yìn rẹ̀.
Ó ní òun rí nǹkan. Bóyá ìwé ni, bóyá ilé aláǹtakùn.
Mo ní, àwọ̀ wo?
Ó ní, bí eérú.

Pẹ́ńsù ni.